Búrẹ́dì róbótó tó rọ̀ bí òwú: ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́

Bí búrẹ́dì róbótó kéékèèké bá gan lọ́jọ́ kejì, tó ń rún wómúwómú bí a ṣe ń bù ú, ófùn kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ìyẹ̀fun tí a ń wọ́n sí i ṣáá nítorí pé ó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ló ń fà á. Mo mọ̀ pé ó ń ni èèyàn lára: ọwọ́ méjèèjì ti kún, tábìlì ti rí játijàti, àpò ìyẹ̀fun sì wà nítòsí. Ẹ gbé àpò náà sí ibi tí ọwọ́ yín kò ní tó o. Omi ló ń mú kí búrẹ́dì rọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí kò ju bí omi yóò ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, tí kò sì ní sá lọ kí búrẹ́dì tó dé ẹnu.

Fún búrẹ́dì 15, nínú páànù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 23, tó sì gùn ní 33:

Ìyẹ̀fun búrẹ́dì, 500 gíráàmù (25 fún rírò lórí iná, 475 fún pípò)
Mílíìkì olómi, 300 gíráàmù (125 fún rírò, 175 fún pípò)
Ẹyin kan, nǹkan bí 50 gíráàmù láìka èèpo
Ṣúgà, 50 gíráàmù
Bọ́tà, 60 gíráàmù
Iyọ̀, 9 gíráàmù
Yíìsì gbígbẹ tó lẹ́bú, 7 gíráàmù

Síkéèlì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, mo bẹ̀ yín. Kọ́ọ̀pù kan tí a fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun sí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lè gba nǹkan bí 120 gíráàmù. Bí a bá ri kọ́ọ̀pù yẹn kan náà bọ inú àpò, tí a sì tẹ ìyẹ̀fun mọ́ ọn, ó lè gba 150. Ní kọ́ọ̀pù mẹ́rin, ìyàtọ̀ náà ti tó 120 gíráàmù, búrẹ́dì sì ti gan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyẹ̀fun tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ ìdá 11.5 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára jù. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára àpò. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun tí a ń fi ṣe gbogbo nǹkan ló wà nílẹ̀, ẹ lò ó, kò burú, àmọ́ kì í mu omi tó ti búrẹ́dì. Ẹ yọ 20 gíráàmù kúrò nínú mílíìkì tí ẹ ó fi pò ó. Níbi tí kò bá ti sí mílíìkì olómi, 35 gíráàmù mílíìkì lẹ́búlẹ́bú nínú 270 gíráàmù omi yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Yíìsì tó lẹ́bú lè bọ́ sínú ìyẹ̀fun tààrà. Èyí tí hóró rẹ̀ tóbi ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ sínú díẹ̀ lára mílíìkì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, nǹkan bí 40°C, fún ìṣẹ́jú 10, títí yóò fi yọ ìfófòó. Ẹ fi gíráàmù kan tàbí méjì kún un, torí agbára rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Bí ìfófòó kò bá yọ, yíìsì ti kú. Ẹ dà á nù kí ẹ tó fi í ba ìyẹ̀fun jẹ́. Mílíìkì tó bá ti kọjá 55°C yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Bí kò bá sí tẹmọ́mítà, ẹ kán mílíìkì náà sí ọrùn ọwọ́ yín nínú: bó bá ta yín lára, ẹ dúró kó tutù.

Ẹ má sọ ṣúgà di ìlọ́po méjì pẹ̀lú èrò pé yóò túbọ̀ rọ̀. Ṣúgà máa ń fa omi mọ́ra, yíìsì á wá máa wá omi tí yóò lò, wíwú á sì falẹ̀ gan-an. Iyọ̀ náà kì í ṣe fún adùn nìkan. Ìyẹ̀fun tí a gbàgbé iyọ̀ sí máa ń wú kíákíá, á sì dẹ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lórí tábìlì. Bí ẹ bá rí i pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ahọ́n tọ́ díẹ̀ wò.

Rírò lórí iná

Ẹ po 25 gíráàmù ìyẹ̀fun àti 125 gíráàmù mílíìkì nínú ìkòkò kékeré títí kò fi ní sí kókó mọ́, nígbà náà ni kí ẹ tó gbé e kaná. Iná kékeré ni. Ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, yóò dà bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀; lẹ́yìn náà ni yóò ki lójijì, tí ẹ bá sì fa ṣíbí kọjá nísàlẹ̀ ìkòkò, ojú ọ̀nà ṣíbí náà á hàn, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó padà pa dé. Ó ti dé nǹkan bí 65°C nìyẹn. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ sì fi náílọ́ọ̀nù lé e lójú kó má bàa yọ awọ. Kí ó tutù pátápátá kó tó bá yíìsì pàdé.

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé sítáàṣì inú ìyẹ̀fun kì í mu omi púpọ̀ bí omi náà bá tutù. Nígbà tí ooru bá kàn án nínú omi, hóró rẹ̀ á wú, á fa omi tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sínú, á sì dì í mú. Omi tí ì bá sọ ìyẹ̀fun di ẹrẹ̀ lọ́wọ́ wa ti gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Àwọn ará Ṣáínà ń pe ìyẹ̀fun rírò yìí ní tangzhong. Ẹni tó bá fẹ́ fò ó lè fò ó, búrẹ́dì náà á ṣì rọ̀ lọ́jọ́ tó jáde. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ìyàtọ̀ máa ń hàn.

Pípò

Nínú àwo ńlá, ẹ po ìyẹ̀fun rírò tó ti tutù, mílíìkì tó kù, ẹyin àti ṣúgà pọ̀. Ẹ da 475 gíráàmù ìyẹ̀fun tí ẹ ti po iyọ̀ àti yíìsì mọ́ sí i. Bọ́tà kò tíì wọlé o. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo pò ó, kí ìkejì wà ní mímọ́ fún yíyí àwo, títí ìyẹ̀fun gbígbẹ kò fi ní sí nísàlẹ̀ mọ́. Yóò rí wúruwùru, yóò sì lẹ̀. Ẹ dé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25.

Ìsinmi yìí ń ṣiṣẹ́ fún yín. Purotéènì inú ìyẹ̀fun, bí omi bá ti rin ín dáadáa, fúnra rẹ̀ ló máa ń so kọ́ra tó ń di okùn tín-ín-rín tó ń fà bíi rọ́bà, èyí tí wọ́n ń pè ní gluten. Okùn yẹn ni yóò di atẹ́gùn yíìsì mú. Ẹni tó bá fo ìṣẹ́jú 25 yìí, apá rẹ̀ ló máa fi san án.

Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sórí tábìlì tí kò ní ìyẹ̀fun rárá. Ẹ ní ike pẹrẹsẹ kan lọ́wọ́ tí ẹ ó fi máa ha tábìlì. Ẹ ki ìka ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìṣù náà, ẹ gbé e sókè, ẹ na ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ tábìlì, ẹ fa èyí tó wà lọ́wọ́ yín sọ́dọ̀ ara yín kó gùn, kí ẹ sì ká a bo èyí tó lẹ̀ mọ́ tábìlì. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tún un ṣe. Fún bí ìṣẹ́jú 3, ẹ ó rò pé ẹ ti wọn nǹkan kan ṣì. Ẹ máa bá a lọ. Nígbà tó bá fi máa tó ìṣẹ́jú 6 sí 8, ìṣù náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣa ohun tó lẹ̀ mọ́ tábìlì kúrò. Bí ọwọ́ bá ń lẹ̀ jù, ẹ ti orí ìka bọ omi. Omi díẹ̀ kò lè pa á lára. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan lè pa á.

Ó wá kan bọ́tà. Kí ó ti rọ̀ débi tí ìka á fi wọ inú rẹ̀ láì gbìyànjú, síbẹ̀ kó má yọ́. Ìdí tí a fi ń mú un gbẹ̀yìn ni pé ọ̀rá máa ń bo purotéènì lára, tí okùn tí mo sọ kò fi ní rí ara wọn dì mú dáadáa. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ tẹ́ ìṣù náà pẹrẹsẹ, ẹ fi 20 gíráàmù pa á lójú, ẹ ká a, kí ẹ sì máa pò ó.

Ohun tí ẹ ó rí nìyí: ìṣù tó ti ń dán tẹ́lẹ̀ á yọ̀ bí ọṣẹ, á ya sí ọ̀já ọ̀já, bọ́tà á máa jáde láàárín ìka yín. Ó máa ń jọ bíi pé ó ti bàjẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń na ọwọ́ sí àpò ìyẹ̀fun. Ẹ máa fún un, kí ẹ máa ká a, fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ọ̀já wọ̀nyẹn á tún lẹ̀ mọ́ra, yíyọ̀ á dín kù, ohùn rẹ̀ lórí tábìlì pàápàá á yí padà, á wá máa dún pàá bí ẹ ṣe ń nà á mọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni 20 gíráàmù kejì tó wọlé, àti ẹ̀kẹta bákan náà. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú 5 sí i.

Láti mọ̀ bóyá ó tó, ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀, tó ẹyin ẹyẹlé, kí ẹ fi ìka fà á díẹ̀díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń fà á, títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi tí òjìji ìka yín á fi hàn láti òdìkejì. Bó bá lu, ẹ wo etí ihò náà. Ihò tí etí rẹ̀ rí jákujàku ń béèrè ìṣẹ́jú 3 tàbí 4 sí i. Ihò roboto tí etí rẹ̀ dán ti tó. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ó pò ó jù. Ọwọ́ èèyàn á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣe ìyẹn.

Bí tẹmọ́mítà bá wà, kí inú ìṣù náà wà láàárín 24 sí 27°C. Nínú ilé tó gbóná, ẹ lo mílíìkì tó ti inú fíríìjì jáde.

Wíwú àkọ́kọ́

Ẹ ṣù ú, ẹ ta òróró sí i lára díẹ̀, kí ẹ gbé e sínú ike tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ẹ sì sàmì sí ibi tó dé. Nínú àwo tó fẹ̀ lókè, ojú máa ń tan èèyàn nípa bó ti wú tó. Ìlọ́po méjì ni a ń fẹ́: ìṣẹ́jú 60 sí 90 níbi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó lè tó wákàtí méjì níbi tó tutù. Àmì ni kí ẹ máa wò, aago kò mọ bí ilé yín ti gbóná tó. Bó bá wú ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ, okùn inú rẹ̀ á rẹ̀, òórùn bí ọtí á sì wà lára búrẹ́dì.

Gígé àti ṣíṣù

Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé síkéèlì, ẹ pín in sí 15. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á wà ní nǹkan bí 63 gíráàmù. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fà á já, okùn tí ẹ fi ìṣẹ́jú 20 hun ni ẹ ń já yẹn. Kí wọ́n dọ́gba, torí àwọn kéékèèké á ti gbẹ nínú ófùn kí àwọn ńlá tó jinná. Ẹ ṣu ọ̀kọ̀ọ̀kan lóréfèé, ẹ bò wọ́n, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kí ara wọ́n lè dẹ̀.

Ṣíṣù gidi ló kù. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ìka tẹ atẹ́gùn ńlá jáde nínú rẹ̀, ẹ kó etí rẹ̀ yíká wá sí àárín, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ sì dà á dojú bolẹ̀. Ẹ dé ọwọ́ lé e bí àgò, kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ níhà ìka kékeré kan tábìlì, kí ẹ sì máa yí ọwọ́ náà po bí ẹ ṣe ń fà á díẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ di tábìlì mú díẹ̀. Ohun tó di ìdí mú yẹn ló ń fa awọ orí rẹ̀ le. Bí ìyẹ̀fun bá wà lórí tábìlì, á kàn máa yọ̀ káàkiri ni, orí rẹ̀ kò ní le láéláé. Bí kò bá di ibì kan mú rárá, ẹ fi aṣọ tútù nu tábìlì. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí orí rẹ̀ bá dán bí ẹyin, tí atẹ́gùn kéékèèké bá fẹ́ máa yọ lábẹ́ awọ. Ẹ dúró níbẹ̀, torí bí ẹ bá tún fà á, awọ náà á ya.

Ẹ fi bọ́tà pa páànù, kí ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, kí ààyè tó ìbú ìka kan wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá wú, wọ́n á fara kan ara wọn, ẹ̀gbẹ́ tó fara kan ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní rí ooru gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ wọn fi máa ń rọ̀, tó sì máa ń fà já bí òwú. Bí ẹ bá tò wọ́n jìnnà síra, awọ líle á yí wọn po.

Wíwú kejì àti yíyan

Ìṣẹ́jú 45 sí 60, kí ẹ bò wọ́n. Ẹ fi omi tútù pa ìka, kí ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ta padà kíá, kò tíì tó. Bó bá padà díẹ̀díẹ̀ tó sì fi ojú kékeré sílẹ̀, àkókò ti tó. Bí kò bá padà rárá, ẹ sáré gbé e sínú ófùn, ẹ má sì fọwọ́ líle kàn án. Àìdúró tó ló ń mú kí búrẹ́dì fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ófùn, torí atẹ́gùn ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Ìdúró jù ló ń mú kí orí rẹ̀ hunjọ, kó sì rọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde.

Ó kéré tán, kí ófùn ti wà ní 180°C fún ìṣẹ́jú 20 kí páànù tó wọlé. Bó bá ní fáànù, 165°C. Ẹ po pupa inú ẹyin kan mọ́ ṣíbí ìjẹun mílíìkì kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kó má ṣàn wọ àárín wọn, torí á lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á sì bó nígbà tí a bá ń yà wọ́n. Mílíìkì nìkan náà dára: kò ní dán tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ awọ rẹ̀ á túbọ̀ rọ̀.

Ìṣẹ́jú 20 sí 23 ló ń gbà. Bí orí rẹ̀ bá ti pọ́n jù ní ìṣẹ́jú 15, ẹ fi fọ́ìlì bò ó wẹ́rẹ́. Inú ti àárín páànù ni kí ẹ wọn ooru rẹ̀: 88 sí 90°C ti jinná. Bó bá ti ń lọ sókè ju 95 lọ, omi tí a ti ń ṣọ́ láti àárọ̀ ló ń jáde lọ. Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà, kó rọra ya méjì tó wà láàárín sọ́tọ̀ díẹ̀, kó wo ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn. Okùn funfun tó gbẹ ló yẹ kó rí. Bó bá ń dán bíi lẹ́ẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú 2 sí 3.

Bó ti ń jáde ni kí ẹ ti fi bọ́tà pa orí rẹ̀. Ẹ fi sínú páànù fún ìṣẹ́jú 10 péré, torí bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, oru omi rẹ̀ á sọ ìdí rẹ̀ di rírin. Ẹ gbé e sórí wáyà tí atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tó fúyẹ́ bò ó. Oru omi díẹ̀ tó bá wà lábẹ́ aṣọ náà ló ń mú awọ orí rẹ̀ rọ̀.

Nígbà tó bá tutù pátápátá ni kó tó wọ náílọ́ọ̀nù. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Sítáàṣì tó ti jinná máa ń padà le bó ṣe ń pẹ́, òtútù fíríìjì ló sì ń mú kó yá jù. Búrẹ́dì tó sùn níbẹ̀ ní alẹ́ kan á le ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló lè lò lórí tábìlì. Èyí tó bá kù, ẹ kó o sínú fírísà lọ́jọ́ tó jáde gan-an, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá ti ń gan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ fi fọ́ìlì wé e láti inú dídì bẹ́ẹ̀, 150°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15.

Ẹni tó bá fẹ́ kó jáde lówùúrọ̀ lè ṣù ú sínú páànù lálẹ́, kó bò ó dáadáa kí awọ má bàa yọ lára rẹ̀, kó sì gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 8 sí 12. Ìyẹ̀fun tútù tí kò tíì jinná ni eléyìí, kò sí ohun tí fíríìjì máa fi ṣe. Kó gbé e jáde ní bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú yíyan, kó sì fi ìka dán an wò bí mo ṣe sọ lókè kí ófùn tó gbà á.